Ọ́ìlì tó dúdú lọ́jọ́ kejì kọ́ ni ẹ̀rí: bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá mẹ́káníìkì ṣe sáfíìsì tẹ́ ẹ sanwó fún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Toyota Corolla 2005 ni mò ń wà ní Ìbàdàn níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé e fún mẹ́káníìkì wa pé kó bá mi ṣe sáfíìsì. Ó gba ₦185,000 lọ́wọ́ mi fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, fílítà ọ́ìlì, fílítà afẹ́fẹ́, púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, páàdì bíréèkì iwájú àti bẹ́líìtì táímìn. Iná Check Engine tó ti ń tàn tẹ́lẹ̀ kú lọ́jọ́ tí mo lọ gbé ọkọ̀, ó tún tàn lọ́jọ́ kẹrin. Nígbà tí mo fa géèjì, irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, yọ lọ́jọ́ kejì, ọ́ìlì ti dúdú. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó ń ṣe é, kò sì fún mi ní ògbólógbòó páàtì kankan. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ, mi ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ó ṣe iṣẹ́ náà lóòótọ́? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó o, mà. Ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí tó dá mi lójú kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Nínú nǹkan mẹ́fà tẹ́ ẹ sanwó fún, ọ̀kan wà tí kò lè jóòótọ́ bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ yìí, ìyẹn bẹ́líìtì táímìn, èyí tó ń mú kí àwọn ẹ̀yà inú ẹ́ńjìnnì máa yí bára mu. Ọkọ̀ yín ò ní in. Nínú márùn-ún tó kù, ẹ lè fi ojú ara yín wo mẹ́rin láàárọ̀ ọjọ́ kan láìwọ abẹ́ ọkọ̀. Ọ́ìlì dúdú tó kó yín lọ́kàn sókè yẹn ló sì fẹ́lẹ́ jù nínú gbogbo ẹ̀rí tẹ́ ẹ kà fún mi.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí bẹ́líìtì bẹ̀rẹ̀. Àwọn Corolla 2003 sí 2008 tó ti Amẹ́ríkà wá, tó kún títì wa fọ́fọ́, ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 tí Toyota ń pè ní 1ZZ-FE ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ṣéènì irin ló ń yí táímìn rẹ̀. Inú ẹ́ńjìnnì ni ṣéènì yìí wà, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń rẹ ẹ́, kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń pààrọ̀ nídìí sáfíìsì. Ẹni tó bá máa pààrọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tú ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ilẹ̀ á ṣú bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pe ọkùnrin náà lólè. Bẹ́líìtì kan wà lóde ẹ́ńjìnnì, gbọọrọ báyìí, òun ló ń yí ọ́tánétọ̀, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù, pọ́ǹpù sítíárìn àti pọ́ǹpù omi. Àwọn ará ibi iṣẹ́ wa kan wà tí wọ́n máa ń pe gbogbo ohun tó bá ti rí bíi bẹ́líìtì ní táímìn. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ dojú kọ ọkọ̀ láti iwájú, ọwọ́ òsì yín lẹ ti máa rí bẹ́líìtì yẹn. Bó bá jẹ́ tuntun, ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú láìdán, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára á ṣì hàn ketekete, inú rẹ̀ ò ní ní ibi tó ti sán. Bó bá ń dán bí bàtà tí wọ́n pa láró, tí lẹ́tà ara rẹ̀ ti pa rẹ́, tí inú rẹ̀ sán wẹ́wẹ́, èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni. Ìbéèrè kan péré lẹ máa bi í: “Bẹ́líìtì wo lẹ pààrọ̀, kẹ́ ẹ fi hàn mí?” Bó bá na ọwọ́ sí èyí tó wà lóde, tó sì jẹ́ tuntun, àṣìpè ni, ọ̀rọ̀ ti tán. Bó bá ń bá yín jiyàn pé táímìn inú lòun pààrọ̀, ẹ ti gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ọ́ìlì wá kàn. Ọ́ìlì tuntun máa ń dà bí oyin, ògbólógbòó á dà bí àdín. Ìdí nìyẹn tí ọkàn yín fi pòrúurùu nígbà tẹ́ ẹ rí dúdú. Ohun tí wọn kì í sọ fún oníbàárà ni pé ọ́ìlì ní ohun kan nínú tó ń ṣiṣẹ́ bí ọṣẹ, ó ń fọ ẹ̀gbin tó lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì kúrò. Ẹ́ńjìnnì tó ti lé lógún ọdún, tí wọ́n ti fi onírúurú ọ́ìlì wà, bóyá tí ẹni tó ni ín kí ẹ tó rà á kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ẹ̀gbin pọ̀ nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá sì já ọ́ìlì dànù, gbogbo rẹ̀ kì í jáde tán, díẹ̀ á kù sí àwọn kọ̀rọ̀. Ẹ da ọ́ìlì tó mọ́ sí irú inú bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì pọ̀ tó kí àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Mo ti fi ọwọ́ ara mi pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ mi láàárọ̀, tó sì ti rí bíi tíì tí kò ní mílíìkì nígbà tí mo máa fi délé lọ́jọ́ kejì. Àwọ̀ nìkan ò tó. Ká ní ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e kúrò ní sọ́ọ̀bù gan-an lẹ fa géèjì, tẹ́ ẹ rí i tó dúdú bí èédú, tó ń rùn bí nǹkan tó jóná, ìyẹn ì bá kọ mí lóminú gan-an.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò ni iye tó wà nínú ẹ́ńjìnnì àti iye tó yẹ kó ṣẹ́ kù nínú gálọ́ọ̀nù. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín fún iye lítà tí ẹ́ńjìnnì yín ń gba tí wọ́n bá pààrọ̀ fílítà pẹ̀lú ọ́ìlì. Gálọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà fún yín, lítà 4 ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì yín ò bá gbà tó lítà 4, ó yẹ kí díẹ̀ ṣẹ́ kù. Gálọ́ọ̀nù yẹn àti ìṣẹ́kù inú rẹ̀, tiyín ni, ẹ sanwó rẹ̀. Ẹ bi í pé níbo ló wà. Ẹ wá gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ pa á fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ọ́ìlì tó wà lókè lè sàn padà sísàlẹ̀. Ẹ fa géèjì, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ kì í bọ̀ ọ́ padà dé ìdí, kẹ́ ẹ tún fà á. Àárín àmì méjèèjì, tó sún mọ́ ti òkè, ló yẹ kó wà. Bó bá wà nísàlẹ̀ àmì ìsàlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó lè jẹ́ pé wọn ò dà á pé, ó lè jẹ́ pé ó ń jò, ó sì lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì, nítorí àwọn 1ZZ-FE kan ní àìsàn yẹn lára. Bó bá kọjá àmì òkè dáadáa, ẹ wò ó dáadáa: àwọn kan wà tí wọn kì í já ògbólógbòó tán kí wọ́n tó da tuntun lé e. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù kò dára fún ẹ́ńjìnnì, ó ń hó bí omi ọṣẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì tọkàntọkàn, fílítà rẹ̀ lẹ máa wò. Ó rí bí agolo mílíìkì kékeré, abẹ́ ẹ́ńjìnnì ló wà, ńṣe ni wọ́n ń yí i mọ́ ibẹ̀ bí ọmọrí ìgò. Ohun tó dára nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè pààrọ̀ rẹ̀ tí kò ní fi ipa sílẹ̀. Fílítà tuntun á ní ọ̀dà tó mọ́, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é á hàn kedere, eruku ọ̀sẹ̀ kan péré ni yóò wà lára rẹ̀. Fílítà ọdún kan á ní ẹrẹ̀ gbígbẹ, ọ̀dà ara rẹ̀ á ti bó, ọ̀rá àti eruku á ti di ọ̀kan lára rẹ̀ bí ìdí ìkòkò. Ẹ lọ sọ́dọ̀ fọganáísà tàbí ibi tí wọ́n ń fọ mọ́tò tó ní kòtò tí ọkọ̀ ń gùn lé, ẹ ní kí ọmọ ibẹ̀ fi fóònù yín ya fílítà àti bóòtù tí wọ́n fi ń já ọ́ìlì. Ẹ wo orí bóòtù náà pẹ̀lú. Ibi tí sípánà bá ti mú un láìpẹ́, igun rẹ̀ á máa dán. Jáàkì tó wà nínú búùtù yín, ti àtipààrọ̀ táyà ni o. Ẹ má ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé mo mọ ọgbọ́n wọn tó báyìí. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ ọ kò jìnnà. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ máa ń ní ká fi epo bẹntiróòlù fọ ara fílítà ọ́ìlì lóde, ká fi àkísà nù ún títí á fi máa dán, ká dá a padà. Owó tuntun ló ń gbà. Fílítà afẹ́fẹ́, á fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọganáísà fẹ́ ẹ. Púlọ́ọ̀gì, a óò fi sáńpépà fọ ẹnu rẹ̀. Páàdì tó ti ń dán ńkọ́? A óò fi ha ilẹ̀ kọnkéré kí ojú rẹ̀ lè le kankan bíi tuntun. Nígbà tí mo béèrè pé ṣé oníbàárà ò ní mọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bó ṣe ń rìn ni wọ́n ń wò.” Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, nítorí òótọ́ ló sọ. Lẹ́yìn sáfíìsì, gbogbo oníbàárà ló máa ń sọ pé ọkọ̀ òun ti fúyẹ́. Wọ́n ti fẹ́ táyà rẹ̀ dáadáa, wọ́n ti fọ̀ ọ́, owó ti jáde lápò ẹni, ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́! Torí náà, mà, bí ọkọ̀ ṣe ń rìn ò lè dá yín lóhùn. Eruku ló lè dá yín lóhùn. Eruku kì í parọ́, pàápàá nílùú tí ọyẹ́ ń fẹ́ eruku bo gbogbo nǹkan.

Ìyẹn ló jẹ́ kí fílítà afẹ́fẹ́ rọrùn jù lọ. Àpótí dúdú kan ló wà nínú, àwọn ìkọ́ irin ló mú ọmọrí rẹ̀, ọwọ́ lásán lẹ fi máa ṣí i. Ẹ gbé fílítà náà sókè sí oòrùn. Bó bá jẹ́ tuntun, ìmọ́lẹ̀ á ráyè kọjá láàárín àwọn ìṣẹ́po bébà rẹ̀, isàlẹ̀ ìṣẹ́po náà á funfun tàbí kó ní àwọ̀ tó wù kó ní láìsí ìdọ̀tí. Èyí tí wọ́n kàn fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀, òkè rẹ̀ lè mọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi èékánná ya ìṣẹ́po rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ máa rí ibi tó ti dúdú wọnú. Etí rọ́bà rẹ̀ náà á ti le, á ti tẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń jókòó látọjọ́ pípẹ́. Bẹ́ ẹ bá ti ṣí i, ẹ wo inú àpótí náà pẹ̀lú. Mẹ́káníìkì tó bá mọṣẹ́ á nu ìyanrìn àti ewé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kó tó fi tuntun sí i. Èyí tí kò bá nù ún kì í ṣe olè dandan, ó kàn lè jẹ́ ọ̀lẹ.

Púlọ́ọ̀gì gba iṣẹ́ díẹ̀. Lórí ẹ́ńjìnnì yín, pákó rọ́bà líle kan bò ó lókè. Bẹ́ ẹ bá ṣí ìyẹn, ẹ máa rí kọ́ìlì mẹ́rin, àwọn tó ń gbé iná fún púlọ́ọ̀gì, tó tò lẹ́sẹẹsẹ, bóòtù kọ̀ọ̀kan ló de ìkọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, sípánà nọ́ńbà 10 ló ń tú u. Kò sí bí wọ́n ṣe lè dé ìdí púlọ́ọ̀gì láìtú bóòtù wọ̀nyí. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí orí wọn. Bí eruku bá ṣì bo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gbadọ́gba, tí ìdógùn-ún sì yí etí wọn ká láìfọ́, kò sẹ́ni tó tú wọn láìpẹ́. Mo ti rí i lójú ara mi tí wọ́n tú ọ̀kan péré, tó wà lọ́wọ́ iwájú tí oníbàárà lè rí, tí mẹ́ta tó kù ò sì kúrò níbi tí wọ́n wà. Bẹ́ ẹ bá ní ẹni tó lè bá yín yọ ọ̀kan, kó jẹ́ èyí tó wà láàárín. Kí ẹ́ńjìnnì ti tutù o. Funfun tánńganran ara rẹ̀ á mọ́, ẹnu irin rẹ̀ á gún régérégé, orúkọ rẹ̀ á hàn. Èyí tí wọ́n fi sáńpépà fọ̀ á ní ìlà wẹ́wẹ́ lẹ́nu, ara rẹ̀ òkè á sì ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú tí sáńpépà ò lè dé.

Ìbéèrè mìíràn tún wà lórí púlọ́ọ̀gì tó yẹ kẹ́ ẹ ti bi í kẹ́ ẹ tó sanwó: kí ló ṣe àwọn ti tẹ́lẹ̀? Irú tí wọ́n fi sí Corolla yìí láti ilé iṣẹ́ ní irin iridium lẹ́nu, ó lè lò ju kìlómítà 100,000 lọ. Bó bá yọ ògidì iridium lára ọkọ̀ yín, tó fi ayédèrú olówó pọ́ọ́kú rọ́pò rẹ̀, ó ti ṣe iṣẹ́ tó gba owó rẹ̀ lóòótọ́, ó sì ti rẹ́ yín jẹ. Àwọn ògbólógbòó yẹn sì lówó lórí fún un. Ìdí kan nìyí tí mo fi máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kí oníbàárà gba ohun tí wọ́n yọ.

Bíréèkì ni mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fi ṣeré. Bó bá jẹ́ ríìmù aláràbarà oníhò ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tan inú ihò rẹ̀, ẹ máa rí dísíìkì tó ń dán àti kálípà tó gbá a mú. Páàdì ló wà láàárín wọn. Tuntun máa ń nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 10, láìka irin ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá ti sún mọ́ 3, ó ti tó àtipààrọ̀. Bó bá jẹ́ ríìmù irin, àfi kí fọganáísà tú táyà, kó sì rí i pé òun wo páàdì inú àti ti ìta. Àwọn kan máa ń pààrọ̀ ti ìta tí ojú ń rí, wọ́n á fi ti inú sílẹ̀. Ẹ tún wo ike omi bíréèkì tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Bí páàdì ṣe ń jẹ lọ ni omi yẹn ń lọ sílẹ̀, tí wọ́n bá fi tuntun sí i, omi náà á gòkè padà fúnra rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rántí pé ó ti wà nítòsí MIN tẹ́lẹ̀, tó sì ṣì wà níbẹ̀ lónìí, ẹ fura. Bí ìró irin bá wà nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, tàbí tí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ dá a dúró, ẹ pe ẹnì kan wá sílé. Gbogbo ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ yìí lè dúró di ọ̀la, ti bíréèkì ò lè dúró.

Nípa iná Check Engine tó kú tó tún jí, èmi ò rò pé ó kú rárá. Wọ́n pa á lẹ́nu mọ́ ni. Ẹni tó bá ní sikánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àìsàn ọkọ̀, bọ́tìnì kan ló máa tẹ̀, iná á pòórá. Ẹni tí kò ní, á yọ orí bátìrì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i lọ́jọ́ yẹn pé aago ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀rẹ̀, tí àwọn ìkànnì rédíò tẹ́ ẹ ti tọ́jú sì ti pa rẹ́, ẹ ti mọ èyí tó ṣe. Ìṣòro gan-an ò kúrò níbi tó wà, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kàn nílò ọjọ́ díẹ̀ kó tó tún rí i ni. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojú ibi kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lápá ẹsẹ̀ awakọ̀, tí wọ́n ń ki sikánà bọ̀. Sikánà kékeré oní-Bluetooth tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́ wà lọ́jà, kò wọ́n. Ẹ ra ọ̀kan. Yàtọ̀ sí nọ́ńbà àìsàn tó máa kà fún yín, ó tún máa ń fi hàn bóyá àwọn àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ ti parí tàbí wọn ò tíì parí. Bó bá ní “not ready” tàbí “incomplete” sí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹnì kan ti nu ìtàn ọkọ̀ náà rẹ́ láìpẹ́. Ọgbọ́n yìí wúlò jù fún ẹni tó fẹ́ ra tókunbọ̀, ṣùgbọ́n ó bá ti yín náà mu. Ẹ sì fi sọ́kàn pé sáfíìsì kì í wo gbogbo àìsàn sàn. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ P0171, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún epo nìyẹn, ọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì tuntun ò ní kó kúrò. Bó bá jẹ́ P0420, ọ̀rọ̀ kátálísítì, ohun tó ń sọ èéfín di mímọ́ nínú páìpù èéfín, ni, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, nítorí àwọn tó ń rà á kiri sọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì pọ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣàdédé ń bú bíi kìnnìún lẹ́yìn sáfíìsì, ibẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wò.

Bí ẹ bá ti rí gbogbo èyí, kí lẹ máa ṣe? Ẹ má kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà lọ bá mẹ́káníìkì mìíràn pé kó wá ṣe adájọ́. Ọkọ̀ yín lòun náà ń wá. Kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tán, á ti pariwo pé, “Ta ló bá yín ṣe ìṣekúṣe yìí?” Mo mọ̀ nítorí pé èmi náà ti sọ ọ́ rí nígbà tí oníbàárà ò pọ̀. Fọganáísà tí kò ní ohun tó máa rí gbà nínú rẹ̀ sàn ju ọ̀gá mẹ́káníìkì lọ fún irú àyẹ̀wò yìí.

Ẹ ya àwòrán gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá rí, kẹ́ ẹ lọ bá ọkùnrin náà ní sọ́ọ̀bù rẹ̀, láàárọ̀, nígbà tí èrò ò tíì pọ̀. Ẹ má sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má sì rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sí i. Ẹ lè ní, “Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀dá, mo fẹ́ gba àwọn páàtì tẹ́ ẹ yọ àti gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì, mo fẹ́ tọ́jú wọn.” Kò sí ìjà nínú ìyẹn. Bó bá ní wọ́n ti dà á nù, ẹ wo ilẹ̀ sọ́ọ̀bù, mẹ́káníìkì kì í da nǹkan nù. Lẹ́yìn náà lẹ máa wá mú èyí tó burú jù lórí, ẹyọ kan ṣoṣo: “Púlọ́ọ̀gì yìí, ẹ bá mi wò ó, eruku ṣì wà lórí bóòtù rẹ̀.” Kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹni tó bá jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ ló rẹ́ ẹ jẹ, àbùkù á bá a, á ṣe é lójú yín. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ: ọ̀gá á rán ọmọ níṣẹ́, ọmọ á ṣe ààbọ̀, á ní òun ti ṣe é. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é á bínú. Bó bá bínú, ẹ má bá a pariwo. Alága ẹgbẹ́ NATA, ẹgbẹ́ àwa mẹ́káníìkì, wà ní àdúgbò yín, wọ́n máa ń pe ọmọ ẹgbẹ́ wọn jókòó. Bí ìyẹn náà ò bá yọrí sí nǹkan kan, òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ tó péye, ẹ lè kọ̀wé sí wọn. Ní tèmi, fún ọ̀rọ̀ tó rí báyìí, owó bẹ́líìtì ni mo máa gbà padà, mo máa ní kó ṣe èyí tí kò ṣe, mi ò sì ní gbé ọkọ̀ fún un mọ́. A óò ṣì máa kíra ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ mìíràn, kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde nílé ni àyẹ̀wò ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì tẹ́ ẹ fi ń kun èékánná tọ́ àmì kékeré sí ara fílítà, kẹ́ ẹ sì fa òmíràn láti orí bóòtù kọ́ìlì kan dé ara ibi tó jókòó lé, níbi tí ojú ò yá dé. Bí àmì bá ṣì wà níbẹ̀ láìjá nígbà tí ọkọ̀ bá dé, ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ya máíléèjì àti géèjì epo lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ tó lọ sọ́ọ̀bù tó sì rin máìlì 40, wọ́n ti gbé e lọ òde ìyàwó. Ẹ béèrè iye owó páàtì lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ fúnra yín lọ ra páàtì ní Arárọmí ní Gate, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í. Ọ́ìlì àti fílítà ò gbà ju wákàtí kan lọ. Ọ́ìlì 5W-30 ni ìwé Toyota kọ fún ẹ́ńjìnnì yín, bó bá fẹ́ fi 20W-50 sí i, ẹ bi í pé kí nìdí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sì da ọ́ìlì tán, ẹ gbé gálọ́ọ̀nù òfìfo lọ sílé, tàbí kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ lu ú. Àwọn kan ń rà á lọ́wọ́ mẹ́káníìkì láti fi di ayédèrú, kẹ́ ẹ má bàa fi owó ara yín ra á padà lóṣù mẹ́fà sí i.

Ti alẹ́ òní ló kù. Kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ tẹ́ páálí ńlá kan sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ gbé òkúta lé etí rẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó ṣáná sí ọkọ̀, ẹ fà á jáde. Bí ẹ bá rí ẹ̀kán ọ́ìlì lójú ibi tí fílítà tàbí bóòtù wà, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan tú nǹkan kan níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dè é dáadáa. Ẹ fa géèjì kẹ́ ẹ tó lọ síbi iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ẹni tó máa bá yín dè é dáadáa.